Eérú Ti Pọ̀ Jù Nínú Ìkòkò Ọmọ Wa

Omi ìṣápá tí mo dà lé ilẹ̀ inú ife náà láti fi dán an wò ń yí padà lójú mi. Ó kọ́kọ́ pupa bí ó ṣe máa ń pupa, ó di àwọ̀ àlùkò, inú mi dùn, mo ní ó parí síbẹ̀. Kí n tó gbé ife náà kalẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, bóyá ojú àgbà ló ń tàn mí jẹ. Àwọ̀ ewé náà ni, kedere.

"Yéè! Ẹ dúró!" ni mo pariwo. "Kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan sí i mọ́!"

Ta ní fẹ́ gbọ́? Orin ni wọ́n ń kọ. Àwọn tó wá bá wa sọ ọmọ lórúkọ ti tò láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé àárín afárá, omi ọ̀sà ń ru lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, oníkálukú sì mú eérú dání. Òmíràn wé e sínú ewé, òmíràn rọ ọ́ sínú agolo, àwọn tó fẹ́ ká mọ̀ pé ilé àwọn kì í ṣe ilé lásán rọ tiwọn sínú ìgò kí gbogbo ojú lè rí i. Bí ó bá kan ẹnì kan, á fi ìka mẹ́ta bu eérú, á wọ́n ọn sínú ìkòkò ọmọ wa, á sì ṣàdúrà. "Ọmọ yìí á dàgbà, á gbó, á tọ́." Àmín. "Ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ṣá láéláé." Àmín.

Mo fẹ́ràn àdúrà. Ẹnu mi kì í rẹ̀ láti ṣe àmín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo po ilẹ̀ inú ìkòkò yẹn, láti ìgbà tí oyún Tèmídire, ìyàwó ọmọ mi, ti hàn ni mo ti ń pò ó: háhá àgbọn tí mo rẹ títí iyọ̀ ọ̀sà fi jáde lára rẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹrà títí ó fi dúdú tí kò rùn mọ́, ìgbẹ́ ekòló, èédú gígún, iyanrìn díẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde, èèpo ẹyin tí mo lọ̀ kúnná bí èlùbọ́. Nígbà tí mo dán an wò láàárọ̀, omi ìṣápá di àwọ̀ àlùkò, ó sì dúró gbọn-in níbẹ̀. Mo jó. Èmi nìkan ni mo jó nílé ìdáná, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Àfi bí àwọn èèyàn wa ṣe dé, tí wọ́n ń fi ìfẹ́ ba ilẹ̀ mi jẹ́.

Ẹ má bínú sí wọn. Ní Òkè-Ọ̀sà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni òfin gbà kí ilé kan dá iná igi. Àwo oòrùn la fi ń se gbogbo oúnjẹ yòókù. Ẹni tó bá fún ọ ní eérú, ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nílé rẹ̀ ló fún ọ.

Tèmídire gbé ọmọ jáde láti yàrá. "Màámi, mo gbọ́ igbe yín. Kí ló dé?"

Mo fẹ́ fi ife náà pamọ́ sẹ́yìn, ó ti rí i.

"Àwọ̀ ewé," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ilẹ̀ ti di ọṣẹ."

"Kò tíì di ọṣẹ. Ó ń lọ ibẹ̀ ni."

"Màámi, fèrè ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti dún o. Mo gbọ́ ọ nígbà tí mò ń fún un lọ́mú."

Èmi náà ti gbọ́ ọ, mo kàn ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ di ni. Òkè ilẹ̀, níbi tí erùpẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ni wọ́n ti bí Tèmídire. Ọmọ mi, Ládiípọ̀, ló rí i níbẹ̀ tó mú un wá sí ìlú wa tí a kọ́ sórí òpó. Níbí, ọmọ kì í jẹ́ ọmọ ìlú àfi bí ilẹ̀ ìkòkò ìbí rẹ̀ bá yege lẹ́nu Atọ́wò, ẹ̀rọ ìjọba tó ń fi ahọ́n tọ́ ilẹ̀ wò. Ìsàlẹ̀ ìkòkò náà la sin olóbi rẹ̀ sí. Ìyẹn nìkan ni ilẹ̀ tó ní láyé. Bí ilẹ̀ náà bá kan jù, tàbí tó di ọṣẹ, tí nǹkan kò lè hù nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ó kùnà. Ìyá tó bá jẹ́ ọmọ ìlú á gba àyè kó tún òmíràn pò. Ìyá tó bá jẹ́ àlejò, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé e padà, tòun tọmọ. Ládiípọ̀ sì ti búra pé bí wọ́n bá lọ, òun á bá wọn lọ. Ọmọ mi kan ṣoṣo nìyẹn. Ilé yìí á wá ku èmi àti àwọn ekòló.

"Ẹ jẹ́ ká da ọtí kíkan sí i," ni Ládiípọ̀ wí. Ó ti wọlé. "Díẹ̀ péré, kó fi lè padà."

"Kí Atọ́wò fi ahọ́n rẹ̀ kàn án, kó ní ọtí kíkan ni òun tọ́ wò? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa lónìí ni, àbí o fẹ́ kí wọ́n lé wa kí wọ́n tún bú wa? Ọtí kíkan á sì gbẹ, ilẹ̀ á padà síbi tó wà. Ronú nǹkan mìíràn."

A gbọ́ ìró Atọ́wò níbi tó ń yí lójú irin ní òpópónà kejì. Ó ti fẹ́ parí lọ́dọ̀ àwọn ìbejì tí wọ́n bí níbẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni orin ròkè lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn èèyàn yà sọ́tùn-ún sósì. Bàbá Ọ̀ṣínúbi ló ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ mi, àgbà ìdílé wa pátápátá, ẹni tó ń gbé ní àjà tó ga jù. Agbádá funfun ló wọ̀. Àpò ló gbé dání. Kì í ṣe ewé, kì í ṣe agolo: odidi àpò eérú.

Ẹsẹ̀ mi ló ronú kí orí mi tó ronú. Mo sáré lọ dúró síwájú ìkòkò náà, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kúuṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi eérú sí i."

Orin dá dúró. "Ìyàwó," ni Bàbá wí, nítorí títí di òní ìyàwó ló ń pè mí, "o kọ àdúrà mi?"

"Ta ni mí? Mo gba àdúrà yín, mo fi orí gbà á. Eérú ni mi ò gbà."

"Nígbà tí a sọ ọkọ rẹ lórúkọ, bàbá mi da àpò kan sílẹ̀ báyìí. Nígbà tí a sọ Ládiípọ̀ lórúkọ, èmi náà dà á. Ní ti ọmọ Ládiípọ̀, ìwọ wá ní kí n gbé e padà sílé, lójú gbogbo èèyàn yìí?"

Ojú ń tì mí, ooru mú mi. Mo gbé ojú sókè kí n wá ọ̀rọ̀ tútù kan bá a sọ, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀ lára àpò náà. Àpò yẹn tóbi. Àpò yẹn ni gbogbo eérú tí ilé rẹ̀ kó jọ láti oṣù mélòó kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà níbí, kí ló wà nínú ilẹ̀ tirẹ̀?

"Bàbá," ni mo wí, "ilá yín tó wà lókè, ṣé ó so lọ́dún yìí?"

"Kí ni ilá mi fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn."

Ó gbin díẹ̀. "Kò so. Ó yọ òdòdó, òdòdó rẹ̀ rẹ̀ dànù."

Mo dìde láì bi ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀yin tó wà lórí afárá! Ta ni ilá rẹ̀ so lọ́dún yìí? Kó nawọ́!"

Ọwọ́ kan kò nà.

"Ilẹ̀ tiwa ti kan," ni ohùn kan wí láti àárín ìlà. Mórẹ́nikẹ́ ni, aládùúgbò wa, ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Kúyọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ yìí ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti Atọ́wò láti ilé dé ilé. "Kódà ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló tì í wọlé wá. Ẹ̀rọ náà fi ahọ́n kan ilẹ̀ wa báyìí, ó ní, 'Ó kan.' Ọ̀gá ilẹ̀ gbogbo ìlú, ilẹ̀ ilé rẹ̀ kan! Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹ̀rín pa èmi náà, ṣùgbọ́n mo ti rí i. Mo rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́ gbé Bàbá Ọ̀ṣínúbi mọ́ra.

"Ẹ ò rí i? Háhá àgbọn àti èèpo ọsàn la fi ń po ilẹ̀, òjò ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ó gbọ́dọ̀ kan! Eérú ni ìbá tún un ṣe. Eérú náà rèé, ẹ ń kó o fún ọmọ ọlọ́mọ! Ilẹ̀ ọmọ ń di ọṣẹ, ilẹ̀ ilé yín ń kan, a sì ń ṣe àmín sí i. Ẹ gbọ́ mi. Ẹ bu ilẹ̀ inú ìkòkò yìí lọ sílé, tòun teérú tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi tún tiyín ṣe. Kí ẹ sì bu nínú ilẹ̀ kíkan yín wá fún wa. Méjèèjì á pàdé láàárín."

Mo rò pé wọ́n á hó. Wọn kò hó. Àwọn kan ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Bàbá Ọ̀ṣínúbi ló sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. "Ìyàwó, ilẹ̀ kì í ṣe eérú. Atọ́wò mọ ilẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe ń mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Ilé tó bá bá ilẹ̀ rẹ̀ nínú ìkòkò ọmọ, á pè é, olórí ilé náà á sì dáhùn pé tiwa ni. Bí ó bá dáhùn, ọmọ rẹ̀ ni: bí òbí kò bá sí mọ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń fún un nílé. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dákẹ́, ìkòkò ti fọ́ nìyẹn. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O sì ń tọrọ rẹ̀."

"Mò ń tọrọ rẹ̀."

Òun nìkan kọ́ ló mọ ìdí tí a fi ń fi eérú ṣàdúrà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kàn kì í sọ ọ́ ni. Eérú kì í padà wá kan ilẹ̀kùn ẹni.

Tèmídire kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ọmọ láyà rẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe, "Ojú méjì ní í bímọ…" mo ní kó jọ̀ọ́ dákẹ́, ìgbà òwe kọ́ nìyí, ìgbà abọ́ ni.

"Ó dáa, abọ́ dà?" ni Mórẹ́nikẹ́ wí. Ó ti so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé abọ́ kan lórí tábìlì wa, ó da àkàrà inú rẹ̀ sórí àwo, ó sì sá jáde.

Ó tán! Bí ẹnì kan bá ti sá, ta ló tún fẹ́ kẹ́yìn? Afárá ń mì. Àwọn tó ń lọ sílé ń kọlu àwọn tó fẹ́ kọ́kọ́ bu ilẹ̀ wa, wọ́n ń kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má bù ú tán. Bàbá Ọ̀ṣínúbi nìkan ni kò sáré. Ó gbé àpò rẹ̀, ó yí padà, ó sì rìn lọ síbi ẹ̀rọ agbéniròkè tó lọ sí àjà rẹ̀, láìdágbére. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa sunkún nítorí ẹnì kan kí iṣẹ́ máa dúró.

"Ládiípọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ."

"Màámi, ohun tí a bá fi sínú ìkòkò ìbí, a kì í yọ ọ́."

"Mo mọ̀ pé a kì í yọ ọ́. Yọ ọ́!"

Ó gbẹ́ ẹ. Ó ń gbẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí dé ìdajì, kò dé ibi tí olóbi wà. A rọ ọ́ sínú abọ́ àwọn èèyàn. Mórẹ́nikẹ́ ló kọ́kọ́ padà dé, ó ń mí hẹlẹ, ilẹ̀ dúdú kún abọ́ rẹ̀ tó ń rùn kíkan bí omi ògì tó ti pẹ́ jù. Mo fi ọwọ́ méjèèjì pò ó mọ́ tiwa. Mo bu díẹ̀ sínú ife, mo da omi òjò sí i, mo rò ó, mo jẹ́ kó silẹ̀, mo da omi ìṣápá lé e. Àwọ̀ ewé ṣì ni, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣá.

"Ẹ mú òmíràn wá!"

Wọ́n mú òmíràn wá. Mo pò ó. Mo tún un dán wò, ó ń lọ sí àwọ̀ aró. Mo ń pariwo, Tèmídire ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan láti ìdí òpó da ilẹ̀ tirẹ̀ lé e kí n tó wí pé ó tó. Ẹ gbà mí, ilẹ̀ ìyá yẹn kan! Omi náà pupa fòò. Èèyàn kan ní, "A ti kọjá rẹ̀!" Mo ní kí wọ́n gbé abọ́ mẹ́ta tó ní eérú padà wá kíákíá. A dà wọ́n padà, ó tún wá di aró, aró tó fẹ́ padà jẹ́ ewé. Ó ku díẹ̀. Abọ́ kan péré tó kan dáadáa ló kù kó bọ́ síbi tí mo fẹ́, kò sì sí ẹni tó ṣì wà ní ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gbẹ́ni Kúyọ̀rọ̀ ti Atọ́wò wọlé. Fìlà ìjọba ló dé. Ẹ̀rọ náà ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ikùn rẹ̀ roboto, ahọ́n bàbà rẹ̀ ká sí ẹnu.

"Ẹ kú oríire o, Ìyá Ládiípọ̀," ni ó wí. Ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn tí ọwọ́ wọn dúdú. "Kí lẹ ń ṣe?"

"À ń… à ń múra de yín ni. Ẹ jókòó. Ẹ mu omi."

"Òfin kò gbà kí n mu omi nídìí iṣẹ́." Ó tẹ ẹ̀rọ náà lórí. Ahọ́n bàbà bẹ̀rẹ̀ sí í nà jáde.

Aago ẹ̀rọ agbéniròkè dún lóde. "Ẹ sún!" ni ẹnì kan ń pariwo. "Mo ní ẹ sún! Ṣé ẹ ò rí i pé arúgbó ń bọ̀ ni?"

Bàbá Ọ̀ṣínúbi wọlé. Agbádá funfun ti dúdú láti àyà dé ìsàlẹ̀. Igbá ńlá ló gbé dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ilẹ̀ ilá rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dà á sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo pò ó, mo pò ó, mo sì fa ọwọ́ yọ bí ahọ́n bàbà ṣe ń kan ilẹ̀ náà. Kò sí àyè àtidán an wò mọ́.

Nǹkan ń hó nínú ikùn Atọ́wò.

"Kò kan," ni ó wí. "Kò di ọṣẹ. Ó dá."

Kí n sọ pé wọ́n hó, ọ̀rọ̀ náà kéré. Ládiípọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Kúyọ̀rọ̀ nawọ́ sókè, nítorí pé ikùn ẹ̀rọ náà ṣì ń hó.

"Ilẹ̀ yìí kì í ṣe ti ilé kan," ni Atọ́wò wí. "Mò ń pe ilé. Ilé Ọ̀ṣínúbi."

Gbogbo wa wo Bàbá. Òun ń wo agbádá rẹ̀. Ó nu ọwọ́ kan lára rẹ̀, ó wo ọmọ tó wà láyà Tèmídire, ó wú ikọ́. "Tiwa ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì lágbára ju ti ọ̀dọ́ lọ.

Ilé Adékọ́là. Tiwa ni. Ilé Bámgbọ́pàá. Tiwa ni. Ìyá arúgbó ìdí òpó pariwo "Tiwa ni!" kí wọ́n tó pe ilé rẹ̀, a ní kó fara balẹ̀. Tèmídire ń yí orí rẹ̀ sí ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń wá, ó fẹ́ rí ojú gbogbo wọn.

"Ilé Kúyọ̀rọ̀," ni Atọ́wò wí.

Ọ̀gbẹ́ni Kúyọ̀rọ̀ wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbá a lórí díẹ̀. "Ó ṣì í," ni ó wí.

"Ilé Kúyọ̀rọ̀," ni ẹ̀rọ náà tún wí.

Mórẹ́nikẹ́ jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Erùpẹ̀ dé igbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò tọrọ àforíjì, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wo ọkọ rẹ̀. Ìta ni fèrè ọkọ̀ ti dún lẹ́ẹ̀kejì, ó dún pẹ́. Mo di apá Tèmídire mú.

Kúyọ̀rọ̀ ṣí fìlà ìjọba kúrò lórí, ó fi sábẹ́ apá.

"Tiwa ni," ni ó wí.

Ẹ̀rọ náà béèrè orúkọ ọmọ. Orúkọ mìíràn la ti mú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Tèmídire ní Ilésanmí, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Wọ́n gbé orin. Bàbá Ọ̀ṣínúbi ń jó nínú agbádá ẹlẹ́rùpẹ̀, mo gbọ́ tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ń lọ lórí omi, ìró rẹ̀ ń jìnnà, àwọn tèmi sì wà nílé. Mo sunkún. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Kúyọ̀rọ̀ ni, ó ti dé fìlà rẹ̀ padà. Ó wẹ̀yìn wò, ó tẹ̀ sí mi létí.

"Màámi," ni ó wí, "ilẹ̀ eléérú tẹ́ ẹ yọ yẹn, ṣé ó ṣẹ́kù díẹ̀? Ilá wa kò so."